Oògùn Tí Ń Ta Mùdùnmúdùn Egungun Jí

Ẹni tí jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí ń yára pani, bá kọlù ní Warri sábà máa ń gba ọ̀nà Sapele lọ sí ilé ìwòsàn yunifásítì ní Oghara tàbí ní Benin. Ewu méjì ni ó ń bá jà níbẹ̀: àrùn náà, àti oògùn tí wọ́n fi ń wò ó. Oògùn ọ̀hún kò mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Bí ó ti ń pa sẹ́ẹ̀lì búburú ni ó ń pa sẹ́ẹ̀lì funfun tí í ṣe ọmọ ogun ara.

Filgrastim, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1991, ń ta mùdùnmúdùn egungun jí kí sẹ́ẹ̀lì funfun lè tètè pọ̀ padà. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba àwọn oníṣègùn pé yóò bọ́ àrùn náà pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ Netherlands àti Switzerland sọ ẹ̀rù yìí di ọgbọ́n: wọ́n fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ jí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ń sùn, nítorí èyí tí ó bá jí ni oògùn ń rí pa. Ìwádìí wọn lórí 640 aláìsàn jáde ní 2003. Nínú àwọn tí àrùn kọ́kọ́ fi sílẹ̀, 42 nínú 100 ni ó wà láàyè láìsí àrùn lẹ́yìn ọdún 4. 33 ni láàárín àwọn tí kò gbà á.

Inú òtútù ni filgrastim ń gbé, kò sì gbọdọ̀ di yìnyín. Kúlà ni wọ́n fi ń gbé e rìn. Bí ara aláìsàn bá sì gbóná lẹ́yìn ìtọ́jú, kí ará ilé má ṣe jókòó ti oògùn ibà. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lóru ọjọ́ náà.