Àrùn Ìfun àti Àrùn Ẹ̀gbà Lára Ọ̀dọ́

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìlọrin a máa rò pé àgbàlagbà nìkan ni àrùn ẹ̀gbà ń kọlù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àrùn ìfun kan wà tí ó jọ ọ̀rìn, ṣùgbọ́n tí kì í ranni: ìfun a wú, a di egbò, aláìsàn a sì máa yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Dókítà Crohn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àpèjúwe irú rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1932. Nígbà tí àrùn yìí bá gbóná, ẹ̀jẹ̀ a máa yára dì nínú iṣan; bí ìgbẹ́ gbuuru bá sì fa omi ara gbẹ, ewu a pọ̀ sí i. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì bá dí iṣan ọpọlọ, ẹ̀gbà dé nìyẹn. Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò dá, kí ó má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé àgbo. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ní ọ̀nà Jẹ́bà àtijọ́. Kí ó máa mu omi dáadáa, kí ó sì jìnnà sí sìgá. Bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò já gaara mọ́, lójú ẹsẹ̀ ni kí a gbé e lọ. Ìdádúró ni í sọ aláìsàn di arọ.