Ọdún Básíkẹ́ẹ̀tì Àwọn Ọmọbìnrin Yunifásítì, àti Ohun Tó Kan Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n Níbẹ̀

Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, ọjọ́ kìíní oṣù Igbe ọdún 2018, ni àṣekágbá básíkẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọbìnrin yunifásítì Amẹ́ríkà wáyé ní ìlú Columbus, ìpínlẹ̀ Ohio. Aago tiwọn lé díẹ̀ ní mẹ́jọ alẹ́. Ní Ìjerò níhìn-ín, aago kan òru ti kọjá, àwọn tó ń múra àríyá ọjọ́ Ajé ti sùn. Notre Dame ní 58, Mississippi State ní 58. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré ló kù. Arike Ogunbowale ti Notre Dame gba bọ́ọ̀lù, ó lù ú mọ́lẹ̀ lọ sí apá ọ̀tún, ó fò sókè, ara rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì jù ú láti ẹ̀yìn ìlà pọ́ìǹtì mẹ́ta. Nígbà tí bọ́ọ̀lù máa fi wọ àwọ̀n, ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ló ṣẹ́kù lórí aago. 61 sí 58. Ní ọjọ́ méjì ṣáájú, òun kan náà ló ju èyí tó lé Connecticut lọ sílé, 91 sí 89, lẹ́yìn tí wọ́n ti fi àkókò kún àkókò. Connecticut kò sì tíì pàdánù ẹyọ ìdíje kan lọ́dún yẹn títí di alẹ́ ọjọ́ náà.

Ìlú Milwaukee ni wọ́n bí Arike sí ní 1997. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀. Kò sí Yorùbá tó gbọ́ orúkọ yẹn tí kò ní mọ̀ pé oríkì ni Àríkẹ́, èyí tí ìyá àgbà fi ń pe ọmọ tó bá fẹ́ gbé pọ̀n.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó wo fídíò ìjù yẹn gbà pé orí ló bá a ṣe é. Èmi kò bá wọn sọ bẹ́ẹ̀. Kí ó tó di alẹ́ Àjíǹde yẹn, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbá ìdíje 37 láàárín oṣù márùn-ún. Ọmọ ọdún 21 tó ti dúró níwájú òǹwòran tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ti nà, tóun náà ti na èèyàn, kò ní gbọ̀n nígbà tí ìṣẹ́jú àáyá bá ku mẹ́ta. Ibi tó ti rí gbogbo ìdíje wọ̀nyẹn gbá ni mo fẹ́ kí a wò nínú àlámànàkì yìí, nítorí pé kì í ṣe ohun tó ga ju ọwọ́ wa lọ.

Àwọn Amẹ́ríkà ń pè é ní kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì. Àwọn yunifásítì bíi mẹ́wàá, méjìlá tàbí mẹ́rìndínlógún á so ara wọn pọ̀, wọ́n á fọwọ́ sí ìwé pé lọ́dọọdún, bí òjò ń rọ̀ bí oòrùn ń ràn, àwọn yóò máa bá ara wọn gbá. Ẹgbẹ́ kan á lọ sílé èkejì, èkejì á sì wá sílé rẹ̀. Kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì tó wà báyìí lé ní ọgbọ̀n. Ti Notre Dame ni wọ́n ń pè ní ACC, èyí tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ etí òkun Atlantic. Ọdún 2013 ni Notre Dame wọ inú rẹ̀. Látilẹ̀, àwọn aládùúgbò ló ń para pọ̀, nítorí bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń rìn. Owó tẹlifíṣọ̀n ti wá da èyí rú. Ní 2024, Stanford, tó wà létí òkun Pacific ní ìwọ̀-oòrùn pátápátá, wọ inú ACC, tó jẹ́ pé láti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tuntun, ọkọ̀ òfurufú á fò fún bíi wákàtí márùn-ún. Ó dùn mí fún àwọn ọmọ tó ń ṣe ìdánwò lọ́jọ́ kejì. Ohun tó mú kí kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì dára ni pé ẹni tí o mọ̀ ni ò ń bá gbá, ìyá rẹ sì lè wá wò ọ́.

Bí a bá fi oṣù tiwa kà á, báyìí ni ọdún náà ṣe ń lọ. Inú oṣù Bélú ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn àgbẹ̀ wa ṣì ń sá kòkó. Ìdíje tí wọ́n fi ń wo agbára ara wọn ni ti oṣù náà àti ti Ọ̀pẹ. Ẹgbẹ́ kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì kan á lọ bá ti ibòmíràn. Nígbà tí ọyẹ́ bá wá mú, tí òkè Ẹ̀fọ̀n kò hàn mọ́ láàárọ̀, ìdíje kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì gan-an ti dé. Ṣẹ́rẹ́ àti Èrèlè ló ni ín, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Níbẹ̀rẹ̀ Ẹrẹ́nà, kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì kọ̀ọ̀kan á kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ sí ìlú kan fún ìdíje ife, ẹni tó bá pàdánù á lọ sílé. Ẹgbẹ́ tó bá gba ife yìí ti ní àyè nínú ìdíje gbogbo-orílẹ̀-èdè, ì báà jẹ́ pé ìsàlẹ̀ tábìlì ló wà tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan á yan àwọn yòókù títí wọ́n á fi pé 68, bó ti wà láti ọdún 2022. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí a ń gbin àgbàdo, wọ́n ti ń sún mọ́ àṣekágbá.

Ẹni tó bá fẹ́ wò ó lórí fóònù ní láti mọ ìṣirò aago. Láti Bélú títí wọ Ẹrẹ́nà, aago wa fi wákàtí mẹ́fà ṣíwájú ti etí òkun Atlantic. Ìdíje aago méje alẹ́ wọn jẹ́ aago kan òru níhìn-ín. Ní ọ̀sẹ̀ kejì Ẹrẹ́nà ni wọ́n máa ń ti aago wọn síwájú, á wá ku wákàtí márùn-ún.

Tábìlì wọn ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹ óò rí nọ́ńbà méjì, àwọn méjì mìíràn á sì wà nínú àkámọ́. Ti Notre Dame ní 2018 ni 35–3 (15–1). Ìyẹn ni pé wọ́n borí nígbà 35 nínú gbogbo ìdíje ọdún náà, wọ́n pàdánù mẹ́ta. Nínú ìdíje kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì nìkan, wọ́n borí nígbà 15, wọ́n pàdánù ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn dùn wọ́n. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ṣẹ́rẹ́, Louisville nà wọ́n ní 100 sí 67. Ẹgbẹ́ tó gba ife ẹ̀yẹ Amẹ́ríkà ló fi pọ́ìǹtì 33 fìdí rẹmi nílé aládùúgbò! Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Tennessee ti fi pọ́ìǹtì 23 ṣíwájú wọn kí wọ́n tó bá a, tí wọ́n sì fi 84 sí 70 borí. Louisville àti Notre Dame jọ parí kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì ní 15–1, wọ́n tún pàdé ní àṣekágbá ife ACC, Louisville tún borí, 74 sí 72. Àwọn agbábọ́ọ̀lù mẹ́rin ni eékún ti kó sílẹ̀ fún akọ́nimọ̀ọ́gbá Muffet McGraw kí ọdún tó parí.

Bí mo bá ní kí ẹ ka tábìlì, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí nìyẹn. Ní àṣekágbá Àjíǹde, Notre Dame rí pọ́ìǹtì mẹ́ta péré jù wọlé ní ìdá kejì, odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní ìdá kẹta, pọ́ìǹtì 15 ni Mississippi State fi ṣíwájú. Ẹgbẹ́ tí kò tíì rí irú ìyà bẹ́ẹ̀ rí á ti túká. Àwọn wọ̀nyí ti jẹ ẹ́ nínú ọyẹ́.

Ìtàn rẹ̀ kò gùn jù. Oṣù Ọ̀pẹ 1891 ni James Naismith dá eré náà sílẹ̀ ní Springfield, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó èso, ìdí nìyí tí àwọn kan nínú wa fi ń pè é ní bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Senda Berenson mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ Smith. Ní 1896, Stanford na California ní 2 sí 1, wọn kò sì jẹ́ kí ọkùnrin wọlé wá wòran. Lẹ́yìn òfin 1972 tó sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìjọba kò gbọ́dọ̀ ya obìnrin sọ́tọ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dé fún àwọn agbábọ́ọ̀lù obìnrin. Ìdíje gbogbo-orílẹ̀-èdè ti NCAA, àjọ tó ń bójú tó eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, fún obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1982.

Ilẹ̀kùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ni àwọn ọmọ wa gbà wọlé. Ẹni tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí ní Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì mọ orúkọ rẹ̀ ni Mobolaji Akiode. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún Yunifásítì Fordham ní New York, ó wọ aṣọ Nàìjíríà ní Olympics Athens 2004, níbi tí àwọn obìnrin wa ti na South Korea, 68 sí 64, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n borí nínú Olympics. Lẹ́yìn náà ó fi iṣẹ́ tó ń ṣe ní ESPN, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n eré ìdárayá, sílẹ̀, ó dá àjọ Hope 4 Girls sílẹ̀, ó sì ń wá sí Nàìjíríà láti kọ́ àwọn ọmọbìnrin. Evelyn Akhator àti Pallas Kunaiyi-Akpanah gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá. Evelyn lọ sí Chipola, ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́dún méjì, ó ti ibẹ̀ bọ́ sí Kentucky nínú kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì SEC. Ní 2017, òun ni ẹni kẹta tí wọ́n yàn nínú gbogbo àwọn tó ń wọ líìgì àwọn obìnrin tó ń fi bọ́ọ̀lù jẹun. Pallas lọ sí Northwestern nínú kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì Big Ten.

Ezinne Kalu ní tirẹ̀ kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ olówó ńlá. Savannah State ló wà, nínú MEAC, kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì àwọn yunifásítì aláwọ̀dúdú. Ní 2015 wọ́n gba ife kọ́ńfẹ́rẹ́ǹsì náà, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn obìnrin ilé-ẹ̀kọ́ yẹn máa wọ ìdíje gbogbo-orílẹ̀-èdè. Tomi Taiwo wà ní Iowa pẹ̀lú Caitlin Clark kó tó wọ aṣọ D'Tigress, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àwọn obìnrin Nàìjíríà. Adebola Adeyeye gbá fún Buffalo, ó sì parí ní Kentucky. Rena Wakama, akọ́nimọ̀ọ́gbá D'Tigress, Western Carolina lòun náà ti gbá.

Nígbà tí gbogbo wọn kóra jọ sábẹ́ àsíá Nàìjíríà, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ife Áfíríkà ní 2017, 2019, 2021, 2023 àti 2025, léraléra. Bí a bá fi ti 2003 àti 2005 kún un, ó di méje. Ní Paris 2024, wọ́n na Australia ní 75 sí 62, wọ́n na Canada ní 79 sí 70, wọ́n sì di ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wọ ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn nínú Olympics. Amẹ́ríkà ló dá wọn dúró níbẹ̀, 88 sí 74.

Ní ilé wa ńkọ́? Àwọn yunifásítì wa ní NUGA, ìyẹn ìdíje eré ìdárayá àwọn yunifásítì Nàìjíríà, tí àkọ́kọ́ rẹ̀ wáyé ní Ìbàdàn ní 1966 láàárín yunifásítì márùn-ún. Básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ti Yunifásítì Èkó ní 2022 dé ti Jos ní 2025, ọdún mẹ́ta fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. Ọmọ tó wà ní ọdún kejì nígbà ti Èkó á ti gbàwé ẹ̀rí kí ti Jos tó dé. Kí ni ọmọ bẹ́ẹ̀ ń gbá láàárín? Ó ń ṣe ìdárayá. Ìdárayá dára, ṣùgbọ́n kò sí tábìlì níbẹ̀, kò sí Louisville tó máa nà á ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ kó lè gbọ́n kí oṣù Igbe tó dé.

Mo ti dúró rí létí pápá oníṣìmẹ́ǹtì kan ní agbègbè yìí nínú ọyẹ́. Òrùka wà lórí òpó, kò sí àwọ̀n nínú rẹ̀. Eruku pupa bo ilẹ̀, bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo làwọn ọmọbìnrin bíi mẹ́jọ ń jù, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù nínú wọn ń nu ọwọ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kó tó gbá a mú, kó má bàa yọ̀. Ó jù ú nígbà márùn-ún léraléra, mẹ́rin wọlé. Mo béèrè ẹgbẹ́ tí wọ́n fẹ́ bá gbá. Ó ní, "A ò tíì mọ̀, sà."

Ìdáhùn yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí tó kẹ́yìn yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìjerò, ti Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì tí olú-ìlú rẹ̀ jẹ́ Arámọkọ, àti ti Ẹ̀fọ̀n wà nítòsí ara wọn. Ẹni tó bá jí ní Ìjerò lè gbá bọ́ọ̀lù ní Ẹ̀fọ̀n kó sì padà sílé sùn. Bí ìlú mẹ́ta bá gbé ẹgbẹ́ kan kan kalẹ̀, tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ìdíje mẹ́fà ni, mẹ́rin fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí Ìpótì, Òkè-Mẹ̀sí àti Ìkọ̀gòsì bá wọlé, ìdíje á di ọgbọ̀n, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á gbá mẹ́wàá láàárín Bélú àti Èrèlè. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìlera tó wà ní Ìjerò lè jẹ́ rẹfirí, wọ́n sì lè tọ́jú ẹni tó bá fi eékún ṣubú. Ohun tí a ní láti rà ni bọ́ọ̀lù mẹ́fà, àwọ̀n méjìlá àti epo ọkọ̀.

Mo ti kọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ síwájú. Sátidé kìíní oṣù Bélú, Arámọkọ lọ sí Ìjerò, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kí oòrùn lè rọlẹ̀. Sátidé kejì, Ìjerò lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Sátidé kẹta, Ẹ̀fọ̀n lọ sí Arámọkọ.