Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì àti Ọ̀rọ̀ Òmìnira

Ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní adé tirẹ̀: Ajerò ní Ìjerò, Alárá ní Arámọ̀kọ, Aláayè ní Ẹ̀fọ̀n. Orúkọ Alárá àti Ajerò kì í wọ́n nínú ẹsẹ Ifá. Ajerò kò sin Alárá, bẹ́ẹ̀ ni Alárá kò sin Aláayè. Ẹ̀ka-èdè, ọdún ìbílẹ̀ àti ìtàn pé Ilé-Ifẹ̀ ni orírun wọn ló jẹ́ kí wọ́n máa rí ara wọn bí ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kó wọn sábẹ́ ìjọba kan ṣoṣo.

Ìyà tí wọ́n jẹ lọ́wọ́ Ìbàdàn ló kọ́kọ́ dà wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ọdún 1850, ọmọ ogun Ìbàdàn wọ ilẹ̀ Èkìtì, Ará, ìlú Alárá, àti Ìjerò sì wà lára àwọn tó fojú winá wọn. Wọ́n fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun. Ajẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ń fi tipátipá gba ohun ìní aráàlú, kò sì sẹ́ni tó lè bi wọ́n léèrè. Ní 1878, Fábùnmi, ọmọ Òkè-Ìmẹ̀sí, pa ajẹ́lẹ̀ tó wà ní ìlú rẹ̀. Ọ̀tẹ̀ ràn ká. Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà àti Àkókó da ogun wọn pọ̀, wọ́n pe ara wọn ní Èkìtìparapọ̀, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì di olórí ogun. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó ti fìdí kalẹ̀ sí Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn ti dé láti oko ẹrú, ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun tó wà láàárín Ìmẹ̀sí-Ilé àti Ìgbájọ. Ìró ìbọn wọ̀nyẹn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Kírìjí.

Ní 1886 ni Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, lẹ́yìn tí Samuel Johnson àti Charles Phillips, àwọn àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, ti ń bá wọn rìn lọ rìn bọ̀. Àdéhùn náà gbà pé Èkìtìparapọ̀ kò sí lábẹ́ Ìbàdàn mọ́. Síbẹ̀, ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká nítòótọ́, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń na ọwọ́ bo gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. Òmìnira tí wọ́n jà fún kò pẹ́ lọ́wọ́ wọn rárá. Èkìtì bá ara rẹ̀ nínú ẹkùn Oǹdó nígbà Gẹ̀ẹ́sì, nínú Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ní 1967, lẹ́yìn náà nínú Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní 1976, tí Àkúrẹ́ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Ẹkún pé kí Èkìtì dá dúró kò dáwọ́ dúró títí di 1 Oṣù Kẹwàá 1996, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Sani Abacha dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún mìíràn. Ìjọba ológun ló fi àṣẹ gbé e kalẹ̀. Aráàlú kò dìbò.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ báyìí ju ti ìpínlẹ̀ lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Banji Akíntóyè, ọmọ Adó-Èkìtì tó kọ ìwé ìtàn pàtàkì lórí Èkìtìparapọ̀ ní 1971, ni ó wá di aṣáájú àwọn tó ń béèrè fún orílẹ̀-èdè Yorùbá. Ní 2021, ìwọ́de wọn pẹ̀lú Sunday Adéyẹmọ, tí wọ́n ń pè ní Ìgbòho, gba ìgboro kan. Àwọn alátìlẹyìn wọn fẹ́ràn láti máa fi Kírìjí ṣe ẹ̀rí pé Yorùbá kì í gba ìmúnisìn. Ẹ̀rí náà ní ẹ̀gún nínú: Yorùbá ni ọ̀gá tí Fábùnmi kọ̀. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n bá sì yọ láti ara Nàìjíríà nìkan yóò fi Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ sílẹ̀ ní Benin, níbi tí èdè Faransé ti jẹ́ èdè ìjọba.

Lórí irú ìbéèrè òmìnira bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń sọ Faransé ní Quebec, ní Kánádà, ti gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1977, wọ́n fi òfin gbé èdè wọn ga ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́. Aráàlú Quebec dìbò lórí òmìnira ní 1980, nǹkan bí 60 nínú 100 ló kọ̀ ọ́. Wọ́n tún dìbò ní 1995: 50.58 nínú 100 ló ní àwọn kò fẹ́, ìyàtọ̀ ìbò kò sì tó 55,000. Ní 1998, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ ní Kánádà sọ pé Quebec kò lè dá ara rẹ̀ yọ, àmọ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá dìbò kedere pé àwọn ń lọ, dandan ni kí Kánádà àti Quebec jókòó sọ̀rọ̀.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kò sí ní Nàìjíríà. Ìwé Òfin 1999 ní orílẹ̀-èdè náà kò ṣe é pín. Ó fàyè gba kí aráàlú dìbò kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní ìlànà kankan fún ìyapa. Bí wọn kò bá tíì tún apá ibẹ̀ kọ, kò sí àpótí ìbò tí ará Ìjerò tàbí Ẹ̀fọ̀n lè fi ìdáhùn rẹ̀ sí, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.