Ẹ̀dà Kan Kò Tó: Bí A Ṣe Lè Pa Àkọsílẹ̀ Wa Mọ́

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó gan-an, ṣùgbọ́n bí a kò bá mójú tó o, owó ni yóò bá a lọ. Ọ̀rọ̀ àkọsílẹ̀ wa ni: orúkọ àwọn tó ra ọjà àwìn, rìsíìtì ilẹ̀, ìwé owó tí a yá, ìwé-ẹ̀rí àwọn ọmọ, àti àwòrán ẹbí pẹ̀lú.

Láyé àtijọ́, inú àpótí ni gbogbo rẹ̀ ń gbé. Lónìí, ọ̀pọ̀ wa ti kó o sínú fóònù. Ẹni tó jẹ wá lówó, inú fóònù la kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹ̀rí owó tí oníbàárà san, inú WhatsApp ló wà. Ó rọrùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí olè bá já fóònù yẹn gbà ní ibùdókọ̀ lọ́la ńkọ́? Ṣé àwọn tó jẹ wá lówó ni yóò wá rán wa létí iye tí wọ́n jẹ?

Ẹ kò ní gbàgbé iná tó jó ní ọjà Balógun ní Èkó ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àti èyí tó tún jó níbẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020. Bí iná bá jó ṣọ́ọ̀bù, owó àwìn tó wà níta ni oníṣòwò lè kọ́kọ́ fi dìde. Bí ìwé àwìn bá wá jóná mọ́ ọjà, kí la fẹ́ fi gba owó náà?

NÍBO NI KÁ KÓ O SÍ?

Ẹ jẹ́ ká yẹ àwọn ibi ìpamọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí kò ní àléébù tirẹ̀.

1. Ìwé. Kò nílò iná mànàmáná, kò nílò dátà. Ọ̀tá rẹ̀ ni ikán, òjò àti iná. Ẹ wé e sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò nílẹ̀. Pé a ti ya fọ́tò ìwé ilẹ̀ kò ní ká má tọ́jú ojúlówó rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n bí ojúlówó bá sọnù, fọ́tò yẹn ni yóò sọ nọ́ńbà, ọjọ́ àti orúkọ àwọn tó fọwọ́ sí i, tí a ó fi lè wá òmíràn.

2. Fláàṣì àti mẹ́mọ́rì káàdì. Wọ́n kéré, wọn kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n iná díẹ̀ tó há sínú wọn ni wọ́n fi ń di ọ̀rọ̀ mú. Bí a bá jù wọ́n sínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún púpọ̀, iná yẹn lè máa jò díẹ̀díẹ̀ títí ohun inú rẹ̀ yóò fi bàjẹ́. Ayédèrú sì wà lọ́jà: ohun tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ pé ó lè gbà kọ́ ló ń gbà.

3. Háàdì dísìkì. Ó ń gba nǹkan púpọ̀. Èyí tó ní àwo tó ń yí nínú kì í fẹ́ kó já bọ́. Bó bá já bọ́ nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó lè parí síbẹ̀.

4. Íntánẹ́ẹ̀tì. Google ń fúnni ní gígábáìtì 15 lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n lẹ́tà Gmail, àwòrán àti fáìlì ló jọ ń pín in. Àwọn kan rò pé ojú ọ̀run ni nǹkan tí a kó síbẹ̀ ń lọ. Rárá o! Inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni, nínú ilé kan níbì kan. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó irú ilé bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ti OVHcloud ní ìlú Strasbourg ní Faransé, àwọn oníbàárà tí kò ní ẹ̀dà níbòmíràn sì pàdánù. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bàjẹ́, ó sì ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà láti rí íntánẹ́ẹ̀tì lò. Google sì lè pa àkáǹtì tí a kò ṣí fún ọdún méjì rẹ́.

Ẹ tún kíyè sí èyí: àwòrán tí ẹ bá pa rẹ́ nínú Google Photos lórí fóònù, ó ń parẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Ọgọ́ta ọjọ́ ni yóò fi wà nínú ibi ìdalẹ̀nù, lẹ́yìn náà ó di àwátì. Bí ọwọ́ bá ṣì níbí, ó ti ṣì lọ́hùn-ún.

MẸ́TA, MÉJÌ, Ọ̀KAN

Nígbà tó jẹ́ pé gbogbo wọn ló lè já wa kulẹ̀, kí ni ṣíṣe? Ẹyẹ kì í fi apá kan fò. Òfin tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé ni èyí: ẹ̀dà mẹ́ta, lórí oríṣi nǹkan méjì ó kéré tán, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn tó jìnnà. Fún oníṣòwò, ó lè rí báyìí: ọ̀kan nínú fóònù, ọ̀kan nínú háàdì dísìkì tó wà nílé, ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò fẹ́ràn íntánẹ́ẹ̀tì lè fi háàdì dísìkì kejì sọ́dọ̀ ọmọ tàbí àbúrò tó ń gbé àdúgbò mìíràn. Ṣọ́ọ̀bù kan náà kọ́ o! Iná tó jó ọ̀kan yóò jó èkejì.

Ẹ̀dà tí a kò yẹ̀ wò, a kò tíì lè pè é ní ẹ̀dà. Ní ọdún 1998, ní ilé-iṣẹ́ Pixar ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń ṣe fíìmù Toy Story 2 lọ́wọ́ nígbà tí ẹnì kan ṣèèṣì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kó nu iṣẹ́ náà rẹ́. Wọ́n sáré lọ bá ẹ̀dà tí wọ́n fi pamọ́. Wọ́n rí i pé kò pé. Ohun tó yọ wọ́n ni ẹ̀dà kan tó wà nílé Galyn Susman, òṣìṣẹ́ wọn tó ń ṣiṣẹ́ láti ilé nítorí pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹ̀dà tí wọn kò yẹ̀ wò já wọn kulẹ̀, èyí tó wà níbòmíràn ló gbà wọ́n.

OHUN TÍ A RỌ̀ YÍN LÁTI ṢE

(a) Ẹ yan ọjọ́ kan lóṣooṣù. Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ dára, nítorí a kì í gbàgbé rẹ̀. Ọjọ́ náà ni kí ẹ ṣe ẹ̀dà tuntun.

(b) Ẹ ṣí fáìlì méjì tàbí mẹ́ta nínú ẹ̀dà náà, kí ẹ rí i pé ó ṣeé kà.

(d) Ẹ fi páásíwọ́ọ̀dù ti fláàṣì tàbí dísìkì tí nọ́ńbà NIN tàbí ti báńkì bá wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ páásíwọ́ọ̀dù náà sínú ìwé, kí ẹ fi pamọ́ síbi tó yàtọ̀.

(e) Ẹ fi nọ́ńbà fóònù kejì sí àkáǹtì yín, nítorí bí olè bá mú fóònù, káàdì síìmù náà bá a lọ.

(ẹ) Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan nínú ẹbí mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà. Ìpamọ́ tí ẹni tó ni ín nìkan mọ̀, bí onítọ̀hún bá ṣàìsàn, ó dà bí èyí tí kò sí.

Kò gba owó púpọ̀, kò gbà ju wákàtí kan lọ́pọ̀ ìgbà. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìwé àwìn lọ́sẹ̀ yìí, kí àwọn yòókù máa tẹ̀ lé e. Òógùn wa kò ní ṣòfò o.