Ìrora Àyà Tó Padà Wá: Ìpinnu Bàbá Mi

Láti ilé wa ní Ọ̀fà dé mọ́sáláṣí àdúgbò kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, mo ṣàkíyèsí pé Bàbá mi ń dúró lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó débẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ lé àyà, wọ́n á sì ṣe bí ẹni tó ń wo ọ̀nà. Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n ní, "Ọyẹ́ ni." Kì í ṣe ọyẹ́. Ọdún kejì nìyẹn tí wọ́n ti fi àwọ̀n irin kéékèèké méjì, èyí tí à ń pè ní stent, sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn wọn. Gbogbo wa ti rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Láti ọdún 1986 ni wọ́n ti ń fi stent sí iṣan ọkàn ènìyàn. Ó ń la ọ̀nà tó dí, ṣùgbọ́n kì í wo àrùn tó dí i sàn. Àpá lè hù sínú àwọ̀n náà kí ojú rẹ̀ tún há. Iṣan mìíràn sì lè dí. Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ pé omi kíkan inú ló ń ta àyà. Dick Cheney, tó di igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà, gba stent ní oṣù kọkànlá ọdún 2000. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹta ọdún 2001, ìrora ti padà, wọ́n sì tún la iṣan kan náà. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a ta ilẹ̀, kí Bàbá lọ sí Íńdíà. Ìyá mi ní àgbo ló kù. Ìjàkadì ni wọ́n fi ń ki àwa ọmọ Ọ̀fà, ṣùgbọ́n oníjàkadì kì í rọ́ lu ẹnìkejì láìkọ́kọ́ wo ìdúró rẹ̀. A lọ bá dókítà ọkàn ní Ìlọrin.

Ó bi wọ́n bóyá ìgbà tí wọ́n bá ń rìn ni ìrora ń dé, àti bóyá ó ń lọ bí wọ́n bá sinmi. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wá béèrè oògùn. Bàbá dákẹ́ pẹ́.

"Dókítà, oògùn ọjọ́ kan ni mo ń pín sí ọjọ́ méjì. Owó rẹ̀ ti pọ̀ jù fún àwọn ọmọ."

Ẹ̀gbọ́n mi bojú wo ilẹ̀.

Àyẹ̀wò fi hàn pé ọkàn kò tíì farapa tuntun. Dókítà ṣàlàyé ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ISCHEMIA, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Ènìyàn 5,179 láti orílẹ̀-èdè 37 ló kópa. Fún àwọn tí ìrora wọn kò yí padà lójijì, yíyára la iṣan tàbí ṣe iṣẹ́ abẹ kò dín ikú kù ju oògùn tó péye lọ. Ṣùgbọ́n ó máa ń dín ìrora kù fún ẹni tí ó ń yọ lẹ́nu lemọ́lemọ́. Ó ní èyí kò kan ẹni tí olórí iṣan ọkàn rẹ̀ ti há, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an.

Bàbá ló pinnu. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lo oògùn mi pé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí kò bá gbọ́, kí a wo iṣan náà." Ẹ̀gbọ́n mi gba owó oògùn sọ́rùn, Ìyá mi gbà láti dá àgbo dúró.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí òbí yín ní stent, ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ń lo oògùn. Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá sọ ọ́. Bí ìrora bá dé nígbà tí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, tí kò lọ, tí òógùn ń bò wọ́n, tàbí tí ó ń ran apá àti àgbọ̀n, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, mo tẹ̀lé Bàbá lọ sí mọ́sáláṣí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dúró. Mo kà á.