Alárinà Nínú Ìtàn Ìfẹ́ Yorùbá

Láyé àtijọ́, kò yẹ ọmọlúàbí kí ọ̀dọ́mọkùnrin dá ọ̀dọ́mọbìnrin dúró lójú ọ̀nà odò, kí ó sì dẹnu ìfẹ́ kọ ọ́ láìsí ẹnì kan láàárín. Bí àwọn òbí bá ti fojú sóde, tí wọ́n rí ọmọ tí ó wù wọ́n fún ọmọ wọn, iṣẹ́ di ti alárinà. Òun ni yóò gbé ọ̀rọ̀ ọkùnrin dé etí obìnrin. Òun náà ni yóò gbé èsì padà. Lẹ́yìn tí ìjọ́hẹn bá ti wáyé, tí àwọn méjèèjì ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ bùṣe. Èyí ni àwọn àgbà rò tí wọ́n fi ń sọ pé bí ojú bá mojú tán, alárinà a yẹ̀ba.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni iṣẹ́ alárinà pín sí. Gbígbé ọ̀rọ̀ ni àkọ́kọ́, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀. Èkejì ni ìwádìí. Alárinà ní láti mọ̀ bóyá wèrè, ẹ̀tẹ̀ tàbí wárápá ń bẹ nínú ìdílé náà. Bóyá olè ni wọ́n, bóyá ọ̀lẹ ni wọ́n, bóyá gbèsè wà lọ́rùn wọn. Ó ní láti mọ ìwà ọkùnrin náà nígbà tí ebi bá ń pa á àti nígbà tí inú bá ń bí i. Ohun tí ojú olólùfẹ́ kò lè rí, alárinà ni ó ń bá a wò ó.

Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi ìwé ìtàn àròsọ tí ó dá lórí ìfẹ́ kọ́ni, ìbéèrè tí ó sábà máa ń jẹ yọ ni pé ǹjẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò ní ba akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́. Ìbéèrè mìíràn wà tí ó lérè ju èyí lọ: nínú ìtàn yìí, ta ni ó ń gbé ọ̀rọ̀, ta sì ni ó ń ṣe ìwádìí? Bí a bá fi ìbéèrè yìí wo àwọn ìwé ìtàn ìfẹ́ Yorùbá, a ó rí i bí iṣẹ́ méjèèjì ṣe pínyà. Àwọn olólùfẹ́ gba àkọ́kọ́ mọ́ alárinà lọ́wọ́. Èkejì kò sì ní ẹni tí yóò ṣe é mọ́.

Ní ọdún 1929, Isaac B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn lẹ́tà kan jáde, bí ẹni pé obìnrin kan tí àìsàn ti dá wó ni ó ń kọ wọ́n. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ ni obìnrin náà pe ara rẹ̀. Ó ròyìn ẹwà ìgbà èwe rẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkùnrin tí ó bá lò, àti ìyà tí ó gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Thomas fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà. Ó di ìwé ní ọdún 1930, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì kà á sí ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Orúkọ àdúgbò Èkó, orin ìgboro, orin ìjọ àti ẹsẹ Bíbélì kún inú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn òǹkàwé fi ń kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn náà nípa Sẹ̀gilọlá gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó wà láàyè.

Olóòtú ìwé ìròyìn ni alárinà níhìn-ín: ọwọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ń gbà kọjá. Ohun tí Sẹ̀gilọlá sì ń ṣe nínú àwọn lẹ́tà náà ni iṣẹ́ kejì. Ó wádìí ara rẹ̀, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ kalẹ̀ níwájú àwọn ọ̀dọ́ kí wọ́n lè fi ṣe àríkọ́gbọ́n. Ẹ̀sìn ni òṣùwọ̀n tí ó fi ń wọn ìgbésí ayé rẹ̀. Ìbànújẹ́ inú ìtàn náà ni pé ìmọ̀ yìí pẹ́ kí ó tó dé.

Nígbà tí ìwé kíkà gbilẹ̀, àwọn olólùfẹ́ fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí kọ lẹ́tà. Ẹni tí kò mọ̀wé a máa lọ bá akọ̀wé ojú pópó kí ó bá òun kọ ọ́, òun a sì san owó fún un. Nínú Àdììtú Olódùmarè, tí ó jáde ní ọdún 1961, D. O. Fagunwa jẹ́ kí Àdììtú àti Ìyùnadé kọ lẹ́tà ìfẹ́ sí ara wọn. Kálámù ti gba ipò alárinà. Ṣùgbọ́n kálámù kò lè lọ bi aládùúgbò léèrè bí ẹni tí ó mú un dání ṣe ń hùwà nílé. Ohun tí olùkọ̀wé bá fẹ́ kí a mọ̀ nípa òun nìkan ni lẹ́tà lè sọ.

Ní ọdún 1974 ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé Ó Le Kú jáde. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ni ẹ̀dá ìtàn pàtàkì inú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ kí ó mú ìyàwó wálé, òun náà sì wà láàárín Àṣàkẹ́, Lọ́lá àti Ṣadé. Èdè ìwé yìí jẹ́ èdè ojoojúmọ́, ẹ̀fẹ̀ àti àwàdà àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ti mojú láti ojú ìwé àkọ́kọ́; kò sí ẹni tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó wà lọ́kàn ẹnìkejì tán. Àjàní ni ó ń dẹnu kọ obìnrin, òun náà ni ó yẹ kí ó ṣe ìwádìí. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ pín sí mẹ́ta kò sì lè wádìí ọ̀kan délẹ̀. Ìfura àti ìkánjú ni ó gba ipò ìmọ̀.

Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í dúró sínú ìwé. Nígbà tí Túndé Kèlání sọ Ó Le Kú di fíìmù ní ọdún 1997, ìró àti bùbá kúkúrú ti àwọn ọdún 1970 tún padà di àṣà láàárín àwọn obìnrin, wọ́n sì ń fi orúkọ ìwé náà pe aṣọ ọ̀hún. Bí ìtàn bá lè yí ọ̀nà ìmúra padà, ó lè yí ọ̀nà tí ọ̀dọ́ ń gbà yan ọkọ tàbí aya padà pẹ̀lú.

Bí ọ̀rọ̀ yìí ṣe rí lónìí hàn kedere ní Mòwé, Ìbàfò àti Ìfọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ojú irin tí ó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Ìfọ̀ kọjá. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, gba Ìbàfò àti Mòwé kọjá. Àwọn tí owó ilé Èkó ga jù fún rọ́ wá síbẹ̀. Nínú ilé kan ṣoṣo, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Èkìtì, Ẹ̀gùn àti Ìgbò lè jọ háyà yàrá. Ọ̀pọ̀ wọn a jí ní kùtùkùtù láti wọ ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, ilẹ̀ a sì ti ṣú kí wọ́n tó padà dé. Ọkùnrin àti obìnrin lè pàdé ní ibùdókọ̀, kí wọ́n sì máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ní alaalẹ́ fún odidi ọdún kan, láìsí ẹni tí ó mọ ìdílé ọ̀kan nínú wọn.

Ẹ̀sìn ni ó ń sapá láti dí àlàfo yìí. Kì í ṣe ohun tuntun. Àwọn babaláwo ti ń dá Ifá nítorí ìgbéyàwó tipẹ́tipẹ́. Nínú àwọn ìjọ àtijọ́, wọn a ké orúkọ ọkọ àti ìyàwó lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ẹni tí ó bá mọ ìdí tí wọn kò fi gbọ́dọ̀ fẹ́ ara wọn lè sọ ọ́. Nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wálì ń ṣojú ìyàwó, àwọn ẹlẹ́rìí sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní ọdún 1983 ni ìjọ Redeemed ra ilẹ̀ lẹ́bàá Mòwé, ibùdó náà sì ti di ìlú ńlá. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìjọ ní ìgbìmọ̀ tí ń gba àwọn àfẹ́sọ́nà nímọ̀ràn, wọ́n sì ń béèrè èsì àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù. Ó nídìí: bí ọkùnrin àti obìnrin bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ náà jẹ́ SS, kí ó sì ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí àwọn àgbà ti ń béèrè wárápá nínú ìdílé, bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbìmọ̀ ń béèrè ìwé àyẹ̀wò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀sìn pẹ̀lú lè fi ìdajì iṣẹ́ alárinà sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ní ìran ti fi hàn pé lágbájá ni ọkọ tàbí aya òun, tí àwọn ènìyàn sì torí èyí pa ìwádìí tì, ọ̀rọ̀ nìkan ni a gbé. A kò wádìí.

Nítorí náà, òǹkọ̀wé tí ó bá fẹ́ kọ ìtàn ìfẹ́ àwọn ìlú wọ̀nyí kò ní ṣaláìrí ohun kọ: owó ọkọ̀, owó ilé, ìsọjí òru, òbí tí ó wà lọ́nà jíjìn, ìwé àyẹ̀wò tí àfẹ́sọ́nà ń bẹ̀rù láti ṣí. Ìfẹ́ tí a kò bá gbé la irú àwọn nǹkan báyìí kọjá kò ní dá òǹkàwé lójú. Iṣẹ́ olùkọ́ sì ni láti fi ìwé náà lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, kí ó sì ní kí ó tọ́ka sí ibi tí ẹ̀dá ìtàn ti yẹ kí ó béèrè ọ̀rọ̀ tí kò sì béèrè. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè rí ibẹ̀ nínú ìwé yóò lè rí i nígbà tí ó bá kan òun náà, tí kò sì sí alárinà kankan tí yóò bá a wò ó.