Ìdí tí Benz tí wọ́n ń bú ní Jámánì fi lè rí ojúrere ní Mọníyà

Oṣù kejì ọdún 2021 ni Mercedes-Benz gbé C-Class tuntun jáde fún aráyé wò. Kò pẹ́ rárá tí àwọn tó fẹ́ràn mọ́tò ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Wọ́n gbà pé ó rẹwà, pé ó fi ojú jọ S-Class bí ẹni pé ìyẹn ló bí i. Ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lọ́rùn ni pé inú rẹ̀ ti yípadà jù. Àwọn bọ́tìnnì tí ọwọ́ ti mọ̀ tipẹ́ ti lọ, gíláàsì ńlá kan tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ló wà láàárín dáṣíbọ́ọ̀dù. Èyí tó wá dùn wọ́n jù lọ ni ti abẹ́ bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì: gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ń bá a wá pátá, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́rin ni. V6 ti dágbére.

Oṣù kẹsàn-án ọdún 2022 ni ọ̀rọ̀ náà di ariwo gidi. C 63 S, akọ inú wọn, tó ti ń lo V8 láti ọdún pípẹ́, wá jáde pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà méjì péré àti mọ́tò oníná kan lẹ́yìn. Ilé-iṣẹ́ náà ní tí èèyàn bá pa méjèèjì pọ̀, agbára ẹṣin 680 ló ní, ó sì fi èyí borí ti àtijọ́ dáadáa. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ní àwọn ò bèèrè ìṣirò, ohùn V8 làwọn ń wá.

Kò sẹ́ni tó máa bá wọn sun ẹkún yìí ní Mọníyà tàbí Lálúpọn lẹ́bàá Ìbàdàn. Ẹni tó bá fẹ́ ra tókúnbọ̀ ní àgbègbè Akínyẹlé tàbí Lágelú, kó tó wo àwọ̀ mọ́tò, kó tó bèèrè iye maili tó ti rìn (gbogbo wa la sì mọ bí wọ́n ṣe ń yí ìyẹn padà), á ti kọ́kọ́ bi aláròóbọ̀ pé, “Púlọ́ọ̀gì mélòó ni?” Bí ìdáhùn bá jẹ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ lè tẹ̀ síwájú. Bó bá jẹ́ mẹ́fà, á rẹ́rìn-ín, á ní kí Ọlọ́run pèsè. Ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí lítà rẹ̀ kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ ti di 617 láwọn ibì kan ní oṣù keje ọdún náà, nígbà tí 2024 sì fi máa parí, ó ti ń fi orí kan ẹgbẹ̀rún kan náírà. C 200 tuntun tí wọ́n ń bú yìí, ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 ló wà nínú rẹ̀. Corolla tí tíṣà ń wà lọ sí Ìyànà Ọ̀fà, 1.8 ni. Ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀sùn níbẹ̀, ìyìn ni níbí.

Nǹkan tó yà wá sọ́tọ̀ ni pé ìdájọ́ tiwa máa ń pẹ́ kó tó jáde. Àwọn ará ibẹ̀ ń dájọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí aṣọ lójú mọ́tò, nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó wà á dé ibi kankan. Ó lè gbà tó ọdún mẹ́wàá, nígbà mìíràn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí mọ́tò yẹn tó gba Kùtọnù tàbí èbúté Èkó wọlé dé ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí àṣírí ara rẹ̀ ti ń tú. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé mọ́tò àlòkù mílíọ̀nù 14 ni wọ́n kó ránṣẹ́ kiri ayé láàárín 2015 sí 2018, tí nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ sì lọ sí àwọn orílẹ̀-èdè tí owó ò ti fi bẹ́ẹ̀ pọ̀. Lójú tèmi o, ìdájọ́ tó pẹ́ yìí ló ṣeé gbára lé jù.

Ẹ wo ìran C-Class fúnra rẹ̀. Bàbá ńlá rẹ̀ ni 190 tó jáde ní ìparí ọdún 1982, èyí tí ayé ń pè ní Baby Benz. Bruno Sacco, ọmọ Ítálì, ni olórí àwọn tó ya àwòrán rẹ̀. Àwọn oníbàárà àtijọ́ fárígá nígbà yẹn pé ó ti kéré jù fún Benz, pé ẹsẹ̀ kò rí àyè nà ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ilé-iṣẹ́ náà gbé irú rẹ̀ tó yára jù lọ sí Nardò ní Ítálì ní 1983, wọ́n sá a fún 50,000 kìlómítà, ìwọ̀n eré rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 248 kìlómítà láàárín wákàtí kan. Ní ọdún kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ayrton Senna fi í borí ìdíje ní Nürburgring. Báwọn èèyàn ṣe pa ẹnu mọ́ nìyẹn. Ìbàdàn ò tilẹ̀ gbọ́ nípa eré yẹn rárá, ọ̀rọ̀ pé ó kéré nìkan ló dé ibí. Olóyè tó bá ń lọ síbi ìsìnkú ní Akánrán kò fẹ́ kí wọ́n fi mọ́tò rẹ̀ pe ọmọdé. V-boot ni wọ́n ń wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fẹ̀ lẹ́yìn, tí ìdérí búùtù rẹ̀ ń fún wọlé bó ṣe ń lọ sísàlẹ̀. Mẹ̀sí ọlọ́yẹ́ gbọ́dọ̀ tóbi.

Orúkọ ni wọ́n fi máa ń dájọ́ mọ́tò tuntun níbí. Nígbà tí Honda pa ojú Accord dà ní 2003, wọ́n ní “End of Discussion” ni, ọ̀rọ̀ parí. Honda tún fọwọ́ kàn án ní 2006, wọ́n ní “Discussion Continues”. Èyí tó tẹ̀ lé e ní 2008, tí ojú iná rẹ̀ rorò, ni wọ́n sọ ní “Evil Spirit”, síbẹ̀ àwọn pásítọ̀ ń wà á. Kò sí akọ̀ròyìn mọ́tò ní Lọ́ńdọ̀nù tó lè fi ọ̀rọ̀ méjì sọ ohun tó tó báyìí.

Nígbà tí C-Class ti ọdún 2000 jáde, èyí tí àwọn tó mọ mọ́tò ń pè ní W203, ojú iná rẹ̀ tó dà bí 8 ni gbogbo ayé ń yìn. Ó rẹwà lóòótọ́. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ìpẹtà bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú létí ilẹ̀kùn àti lókè táyà. Àwọn tó wá láti apá àríwá Amẹ́ríkà tún burú sí i, nítorí iyọ̀ tí wọ́n máa ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má bàa dì. Ti ẹ́ńjìnnì wá lé e. V6 tí Mercedes ń ṣe láti 2004, tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ W203 tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006 àti 2007, ní ọ̀pá kan nínú tó ń mú kí ẹ́ńjìnnì má gbọ̀n. Irin eyín tó wà lórí ọ̀pá yẹn rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí eyín yẹn bá ti ń jẹ tán, ẹ́ńjìnnì á sọ àkókò rẹ̀ nù, iná ìkìlọ̀ á tàn, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe láìsọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ pátápátá. Àwọn tó ra mọ́tò náà ní Amẹ́ríkà pe ilé-iṣẹ́ náà lẹ́jọ́ lórí rẹ̀. Lọ́dún tí ẹjọ́ ń lọ ni àwọn mọ́tò wọ̀nyí ń sọ̀ kalẹ̀ sí Bẹ́rẹ́kẹ́tẹ́ ní Kùtọnù àti Àpápá ní Èkó, tí wọ́n ń dán gbinrin. Ìran V6 tí àwọn olólùfẹ́ Benz ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lónìí nìyẹn o.

Èyí tó ń wọlé sí wa lọ́wọ́ báyìí ni W205, ti ọdún 2014. Òun ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi yẹ̀ wò dáadáa, nítorí àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i kò hàn lójú. Nígbà tó jáde, gbogbo èèyàn ló ń yin inú rẹ̀, pé ó jọ ti ọlọ́lá. Ìwọ̀nba èèyàn ló mẹ́nu kan ara rẹ̀. Álúmíníọ̀mù tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá nínú ara èyí tó ṣáájú rẹ̀ ti súnmọ́ ìdajì nínú eléyìí. Bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀kùn, òrùlé, álúmíníọ̀mù ni. Èyí ló jẹ́ kó fúyẹ́ tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún kílò ju ti àtijọ́ lọ, kó sì dín epo kù.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tókúnbọ̀ lọ́dọ̀ wa máa ń mú panẹ́lì bítà dání, panẹ́lì bítà náà á sì mú òòfà dání, èyí tó yọ lára sípíkà rédíò tó ti kú, tó fi àkísà wé kó má bàa ha ọ̀dà mọ́tò. Á máa gbé e kan ara mọ́tò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ibi tí òòfà bá ti lẹ̀, irin gidi ni. Ibi tí kò bá ti lẹ̀, filler ni, ìyẹn ni pé mọ́tò náà ti forí sọ nǹkan rí. Ọgbọ́n yìí ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ gbájúẹ̀. Ẹ gbé òòfà kan náà kan bọ́ọ̀nẹ́ẹ̀tì W205: kò ní lẹ̀. Ẹ gbé e kan ilẹ̀kùn: bọ́ọ̀lọ̀, ó já bọ́. Mọ́tò tí nǹkan kan ò tíì ṣe rí á dà bí èyí tí wọ́n ti tún mọ láti orí dé ẹsẹ̀, nítorí òòfà kì í fa álúmíníọ̀mù. Èyí tí wọ́n sì fi filler kún lóòótọ́, kò sí bí òòfà ṣe máa yà á sọ́tọ̀.

Tí irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ bá wá ní jàǹbá láàárín Adégbayì sí Ẹgbẹ́dá, wàhálà mìíràn dé. Panẹ́lì bítà wa mọ irin. Á fi iná kábáìdì yọ́ ọ títí tó fi máa pọ́n, pípọ́n yẹn ló ń sọ fún un pé ó ti tó lù, á gbé òòlù lé e. Álúmíníọ̀mù kì í pọ́n. Bó ṣe rí nígbà tó tutù ló ṣe máa rí títí tó fi máa súnmọ́ 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tí á sì dà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èèpo tín-ín-rín kan tún wà lójú rẹ̀ tí kì í yọ́ àfi tí ooru bá kọjá 2,000, òun ni kì í jẹ́ kí wẹ́dà lásán mú un. Bí wọ́n bá wá fi ìdè irin lásán so ó mọ́ irin, tí omi òjò bọ́ sáàárín wọn, ibẹ̀ gan-an ni álúmíníọ̀mù á ti máa jẹ. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ni kí wọ́n lọ ra odidi ilẹ̀kùn àlòkù ní ọjà Àrárọ̀mí ní Agódì Géètì, kí wọ́n ṣí ti àtijọ́, kí wọ́n de tuntun. Iye rẹ̀ á dun olówó mọ́tò, ó sì yẹ kó ti gbọ́ nípa rẹ̀ kó tó san owó.

Ọ̀rọ̀ táyà kò gùn. Ọ̀pọ̀ W205 tó ti Amẹ́ríkà wá kò ní sípéà táyà nínú búùtù rárá. Táyà alápá-líle ni wọ́n fi bọ̀ ọ́, èyí tó lè rìn tó nǹkan bí 80 kìlómítà lẹ́yìn tí afẹ́fẹ́ bá ti jáde nínú rẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tó mọ̀ pé òun á rí ilé-iṣẹ́ táyà níwájú. Ẹni tó bá fi rin títì eléruku láti Akánrán wọ inú oko, fọkanáísà tó bá ṣalábàápàdé á lẹ̀ ẹ́ fún un bí ó ṣe ń lẹ ti Micra, bẹ́ẹ̀ táyà irú èyí tó ti rìn láìní afẹ́fẹ́, inú rẹ̀ ti fọ́, kò yẹ kó tún padà sójú títì. Àwọn tó gbọ́n ń yọ gbogbo rẹ̀, wọ́n ń fi táyà lásán sí i, wọ́n ń gbé sípéà kan sínú búùtù níbi tó yẹ kí ẹrù wà.

Kí la wá máa rí nínú ti 2021 nígbà tó bá pọ̀ níta? Gíláàsì tí wọ́n ń bú yẹn, mo gbà pẹ̀lú wọn. Eruku ọ̀gbẹlẹ̀ ilẹ̀ yìí kò fẹ́ràn ohun tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ ní gbogbo ìgbà, tó bá sì kú, ìdarí amúlétutù náà kú pẹ̀lú rẹ̀. Ti ẹ́ńjìnnì, mo ti sọ tèmi. Ohun tí àwọn olólùfẹ́ mọ́tò kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ lé lórí ló yẹ kó ká wa lára: mọ́tò yìí ní iná oríṣi méjì nínú. 12 fóòtì tí ríwáyà mọ̀ ṣì wà níbẹ̀, 48 fóòtì sì tún wà, pẹ̀lú bátìrì rẹ̀ àti ẹ̀rọ kan tí wọ́n há sáàárín ẹ́ńjìnnì àti gíyà, òun ló ń ta mọ́tò jí, òun náà ló ń ràn án lọ́wọ́ nígbà tó bá fẹ́ sáré. Kò sí sítátà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì tí wọ́n lè tú gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń wé wáyà. Bí nǹkan bá ṣe é, gíyà ni wọ́n máa sọ̀ kalẹ̀.

Sìkánà tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ní Mọníyà ń fi sínú àpótí báyìí á sọ fún wọn pé nǹkan kan bàjẹ́ níbẹ̀. Títú u ni iṣẹ́ tí wọn ò tíì kọ́, àwọn tó sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ báyìí ni mọ́tò náà máa bá nídìí iṣẹ́ nígbà tó bá dé.